Bí Nọ́ńbà Bílíọ̀nù Mẹ́rin Ṣe Tán Nílẹ̀: Ìtàn Àdírẹ́ẹ̀sì Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ìpín Áfíríkà

Ìdìbò kan wáyé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó kan gbogbo ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́. Kì í ṣe ìdìbò ààrẹ, kì í sì í ṣe ti gómìnà. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn yunifásítì àti àwọn iléeṣẹ́ mìíràn káàkiri Áfíríkà ni wọ́n yan ìgbìmọ̀ olùdarí tuntun fún àjọ kan tó fìdí kalẹ̀ sí erékùṣù Mauritius. AFRINIC ni orúkọ àjọ náà. Láti ọdún 2023 ló ti wà lábẹ́ alábòójútó tí ilé ẹjọ́ yàn, bí ilé tí baálé rẹ̀ kú tí àwọn ọmọ kò sì tíì fẹnu kò. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ kì í ṣe epo rọ̀bì, kì í ṣe wúrà. Nọ́ńbà ni.

Nọ́ńbà lásán kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọjá. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá fẹ́ bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà ṣe fóònù tó wà lápò yín, ìbáà ṣe ẹ̀rọ POS tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù fi ń gbowó, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì yìí dúró, gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kan tí wọn yóò fi rí i. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń pè ní àdírẹ́ẹ̀sì IP. Bí ẹ bá fi fọ́tò ìkómọjáde sórí Facebook, fọ́tò náà kì í rìn lódindi. Fóònù yóò gé e sí wẹ́wẹ́, yóò dì í ní ìdì kéékèèké, yóò sì kọ nọ́ńbà méjì sí orí ìdì kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà ibi tó ti ń bọ̀ àti nọ́ńbà ibi tó ń lọ. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ráútà wà ní oríta kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà. Kò sí èyí tó mọ gbogbo ọ̀nà láti Òṣogbo dé ibi tí kọ̀ǹpútà Facebook wà nínú wọn. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ kò ju oríta tó kàn lọ. Yóò wo nọ́ńbà, yóò nawọ́ síwájú, bí a ṣe ń júwe ọ̀nà fún àlejò tó ń wá ilé baálẹ̀ pé kó sáà lọ títí dé ìdí ìrókò, kó tún béèrè níbẹ̀. Bí nọ́ńbà kò bá sí, tàbí tí ẹ̀rọ méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà ní gbangba, ìdì náà yóò sọnù sójú ọ̀nà.

Ẹ wo nọ́ńbà yìí: 203.0.113.45. (Wọ́n dìídì yà á sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ ni, nítorí náà a kò kan ilẹ̀kùn onílé.) Ìpín mẹ́rin ló ní, ààmì kan sì là wọ́n láàárín. Ìpín kọ̀ọ̀kan kò lè ju 255 lọ. Ìdí ni pé òfo àti oókan nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n kà. Òfo àti oókan 8 ló wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 256 péré ni a sì lè gbà tò wọ́n, láti 0 dé 255. Ìpín mẹ́rin jẹ́ 32 lápapọ̀. Gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà to òfo àti oókan 32 jẹ́ 4,294,967,296. Iye nọ́ńbà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún gbogbo ayé nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹyọ kan kún un. Apá iwájú nọ́ńbà ń tọ́ka sí agboolé, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Apá ẹ̀yìn ń tọ́ka sí yàrá, ìyẹn ẹ̀rọ kan pàtó nínú agboolé náà. Àwọn ráútà tó jìnnà, agboolé nìkan ni wọ́n ń wò. Ó di ẹnu ọ̀nà agboolé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè yàrá.

Ta ló wá yan 32? Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé ìdí ìtàn náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1969, kọ̀ǹpútà kan ní yunifásítì UCLA ní California fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan, LOGIN, ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn ní Stanford Research Institute. L dé. O dé. Ẹ̀rọ dákú. Wọ́n tún un ṣe, ó sì ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà. Owó iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, ARPANET ni wọ́n pè é, ibùdó mẹ́rin péré ló sì so pọ̀ nígbà tí ọdún náà fi parí. Àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń lò nígbà yẹn kò ju òfo àti oókan 8 lọ. Kọ̀ǹpútà nígbà náà tóbi bí iyàrá, owó rẹ̀ sì tó owó ilé. Ta ni yóò máa ronú pé wọn yóò pọ̀ bí ewé?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1974, Vinton Cerf àti Robert Kahn tẹ ìwé ìmọ̀ kan jáde tó ṣàlàyé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yàtọ̀ síra, ti wáyà, ti rédíò, ti sátẹ́láìtì, ṣe lè di ọ̀kan. Wọ́n fi àyè 256 sílẹ̀ fún iye nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lè wà, wọ́n sì sọ pé iye náà yóò tó títí dé ibi tí ojú wọn ríran dé. Lónìí, iye ilé tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ ní àdúgbò kan ṣoṣo ní Ṣúrùlérè lè ju 256 lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1977, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà. Àwọn kan fẹ́ kí àdírẹ́ẹ̀sì gùn tó 128. Àwọn kan fẹ́ kó máa gùn kó máa kúrú bí ó bá ṣe yẹ. Àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kọ èyí, nítorí yóò máa fi àkókò ẹ̀rọ ṣòfò. Cerf, tó ń darí iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ ológun, ló fòpin sí ìjà: ó mú 32. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà pé ìdánwò lòun rò pé àwọn ń ṣe, àti pé bílíọ̀nù mẹ́rin tó fún ìdánwò. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìdánwò náà kò ní parí. Mi ò lè bá a wí púpọ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà tó ń yà mí lẹ́nu: iye ènìyàn tó wà láyé lásìkò náà ti ju bílíọ̀nù mẹ́rin lọ, nígbà tí wọ́n sì fi máa tẹ ìlànà náà jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981, ènìyàn ti pọ̀ ju nọ́ńbà lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni kò ti tó ayé pín, àní bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ní ẹyọ ẹ̀rọ kan.

Ọkùnrin tó ṣe àkójọ ìwé ìlànà ọdún 1981 náà ni Jon Postel, oníirùngbọ̀n gígùn kan ní yunifásítì Southern California. Òun náà ló ń pa ìwé àkọsílẹ̀ mọ́: ta ló ní nọ́ńbà wo. Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì rí i gbà láìsan kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kínní ọdún 1983, wọ́n pàṣẹ fún gbogbo kọ̀ǹpútà orí ARPANET láti pa ìlànà àtijọ́ tì, kí wọ́n bọ́ sórí tuntun. Ọjọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ọjọ́ ìbí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Nàìjíríà, ìjọba Shagari ṣì wà lórí oyè, ẹni tó bá sì ní tẹlifóònù nílé ní Ìbàdàn, gbajúmọ̀ ni.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín nọ́ńbà nígbà náà ni gbòǹgbò ìjà tí a ń rí lónìí. Wọ́n la ilẹ̀ náà sí ọ̀wọ́ mẹ́ta pàtàkì. Ẹni tó bá gba ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ yóò ní nọ́ńbà 16,777,216. Ẹni tó bá gba ìkejì yóò ní 65,536. Ẹni tó bá gba ìkẹta yóò ní 256. Kò sí ohun tó wà láàárín. Iléeṣẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà 300 kò lè fi 256 ṣe é, wọn yóò sì bù 65,536 fún un. Ìyókù di igbó tí ẹnikẹ́ni kò ro. Bí àwọn baálẹ̀ ayé àtijọ́ ṣe ń nawọ́ sí igbó tó lọ rẹrẹẹrẹ fún àlejò tó gbé obì àti ọtí wá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ilẹ̀ pọ̀, ènìyàn kò tó nǹkan, ta ni yóò máa wọn ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó rí ọ̀wọ́ ńlá gbà. Iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kó ọ̀wọ́ tó lé ní mẹ́wàá. Yunifásítì MIT gba èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18, iléeṣẹ́ ọkọ̀ Ford gba 19, Apple gba 17, Xerox gba 13. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà gba 56. Iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba 25. Àní iléeṣẹ́ adójútòfò kan gba ọ̀wọ́ tirẹ̀. Ford nìkan, tó ń ṣe mọ́tò, ní ju mílíọ̀nù 16 lọ nígbà tí odindi ilẹ̀ Nàìjíríà kò ní ẹyọ kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló tètè ṣe ohun tí mo lè pè ní ọmọlúwàbí nínú wọn: ní ọdún 2000, yunifásítì Stanford kó tirẹ̀, ọ̀wọ́ 36, padà fún ayé, láìgba owó.

Ṣé ìkà ni wọ́n ṣe sí wa? Ọ̀pọ̀ èwe lórí ẹ̀rọ ayélujára ló ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi kò sì fara mọ́ ọn. Wọn kò jókòó gbìmọ̀ pé kí Áfíríkà má rí nǹkan jẹ. Wọn kò tilẹ̀ rò wá rárá ni. Ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń pín ogún kì í mọ ìgbà tí ogún ń tán, a kò sì tíì sí níbẹ̀. Ọdún 1995 ni orúkọ .ng, tó ń parí àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì ilẹ̀ wa, tó bọ́ sábẹ́ àbójútó Yaba College of Technology. Orúkọ lèyí o, kì í ṣe nọ́ńbà. Orúkọ wà fún ènìyàn láti rántí, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń lò, ètò kan tí Paul Mockapetris dá sílẹ̀ ní ọdún 1983 ló sì ń túmọ̀ ìkan sí ìkejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn tó ń ṣọ́ ìwé náà rí i pé igbó ti fẹ́ tán. Wọ́n ṣe nǹkan mẹ́ta. Ní ọdún 1993, wọ́n fagi lé ọ̀wọ́ mẹ́ta yẹn, kí wọ́n lè máa gé ilẹ̀ bó ṣe tó ẹni: ẹni tó nílò 512, kó gba 512. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, wọ́n gbé àdírẹ́ẹ̀sì tuntun jáde tó gùn tó 128, tí wọ́n pè ní IPv6. (IPv4 ni ti àtijọ́. Àwọn tó ń béèrè ibi tí ìkarùn-ún wọlé sí: wọ́n ti fi nọ́ńbà 5 fún ìdánwò kan tó jẹ mọ́ gbígbé ohùn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì gbalẹ̀.) Ṣùgbọ́n ìkẹta nínú ohun tí wọ́n ṣe, tí wọ́n pè ní ọgbọ́n ìgbà díẹ̀, òun ló wá di ayé wa. NAT ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1994 ni wọ́n tẹ àlàyé rẹ̀ jáde.

Ẹni tó bá dàgbà ní ìgbèríko kí GSM tó dé ní ọdún 2001 ti mọ NAT láìmọ orúkọ rẹ̀. Kò sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ nílé bàbá wa. Ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ló ní P.M.B., àpótí kan ṣoṣo fún gbogbo abúlé. Bí ẹ̀gbọ́n wa ní Èkó bá kọ̀wé, nọ́ńbà àpótí ilé ẹ̀kọ́ ni yóò kọ sẹ́yìn ìwé, yóò wá fi orúkọ bàbá wa kún un nísàlẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kò mọ bàbá wa rí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni yóò gba ìwé náà, yóò wo orúkọ, yóò sì rán ọmọ kan sí wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Inú ilé tàbí ọ́fíìsì, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nọ́ńbà ilé, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tàbí 10. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kò lágbára lóde; mílíọ̀nù ilé ló ń lo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí Àlàbá ṣe wà ní gbogbo agboolé. Ráútà tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló ní nọ́ńbà gidi. Bí ẹ̀rọ kan nínú ilé bá fẹ́ ránṣẹ́ síta, ráútà yóò pa nọ́ńbà ilé rẹ́, yóò kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sí i, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀ pé Àlàbá ló rán mi níṣẹ́ yìí. Nígbà tí èsì bá dé, yóò wo ìwé, yóò sì gbé e fún Àlàbá.

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àléébù tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ráútà lè pe ayé, ṣùgbọ́n ayé kò lè pe òun bí òun kò bá kọ́kọ́ pè. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìkànnì sórí kọ̀ǹpútà inú ilé yín kí gbogbo ènìyàn lè wò ó, ẹ nílò nọ́ńbà gidi. Lọ́rọ̀ kan, NAT sọ wá di ẹni tó ń lọ sọ́jà ẹlòmíràn, kì í ṣe ẹni tó ní ìsọ̀.

Mo rántí sáíbà káfé tí a máa ń lò ní nǹkan bí ọdún 2003, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìròyìn l'Ékòó. Ọ́fíìsì wa kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣeé fọkàn tẹ̀, a ó sáré lọ sí òdìkejì títì láti fi ìròyìn ránṣẹ́, náírà wa lọ́wọ́, wákàtí wa níye. Sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n sì ti yá nọ́ńbà. A ó ṣí ìkànnì kan, yóò máa kí wa káàbọ̀ ní èdè òyìnbó tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́, nítorí nọ́ńbà sọ fún un pé ìlú òtútù la wà. Ẹ̀rín la fi ń rín nígbà náà. Ọjọ́ tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni ọjọ́ tí mo fẹ́ ka ìwé ìwádìí kan ní ìkànnì iléeṣẹ́ kan lókè òkun, tí mo sì bá ìkìlọ̀ pé wọ́n ti dí nọ́ńbà wa pa nítorí ìwà jìbìtì. Èmi kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Ẹlòmíràn tó jókòó sórí àga kan náà, tàbí sí káfé mìíràn tó ń lo nọ́ńbà kan náà, ló ṣe é. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ni gbogbo wa ń jẹ́, ìyà kan náà ló sì kàn wá.

Ta ni à bá tiẹ̀ fẹjọ́ sùn? Títí di àsìkò yẹn, Áfíríkà kò ní àjọ tirẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ti ní RIPE NCC ní Amsterdam láti ọdún 1992, àwọn ará Éṣíà ti ní APNIC láti 1993, Amẹ́ríkà dá ARIN sílẹ̀ ní 1997, Gúúsù Amẹ́ríkà sì dá LACNIC sílẹ̀ ní 2002. Amsterdam ni iléeṣẹ́ Nàìjíríà tó bá fẹ́ nọ́ńbà ń kọ̀wé sí. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé ń kọ̀wé sí Amẹ́ríkà. Ọ̀mọ̀wé Nii Quaynor láti Gáná wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún àjọ tiwa, ní oṣù Kẹrin ọdún 2005 sì ni wọ́n fọwọ́ sí AFRINIC gẹ́gẹ́ bí ìkarùn-ún. Ọmọ Tógò, Adiel Akplogan, ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́.

A dé lẹ́yìn, ṣùgbọ́n a kò pẹ́ jù láti bá ìpín tó kẹ́yìn. Òfin wà pé nígbà tí ọ̀wọ́ ńlá bá ku márùn-ún, kí wọ́n pín in ní ọgbọọgba. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2011, ní Miami, wọ́n fún àjọ márààrún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. AFRINIC gba èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 102. Bí ẹ bá wo nọ́ńbà tí fóònù yín ń jẹ́ lóde tí ẹ rí 102 níwájú rẹ̀, ìpín ọjọ́ náà ni. Bí ó bá jẹ́ 41, 105 tàbí 197, tiwa náà ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí nǹkan kan mọ́ ní ilé ìṣúra gbogbogbòò. Éṣíà tán ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, Amẹ́ríkà tán ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, Yúróòpù sì tán pátápátá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Áfíríkà nìkan ló ṣì ní ilẹ̀ tó ṣeé tọ́ka sí.

Ẹ̀yin tó mọ Èkó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá kù sí. Nọ́ńbà tí Postel ń fi tọrẹ ti di ọjà. Ní ọdún 2011, Microsoft san mílíọ̀nù 7.5 dọ́là fún nọ́ńbà 666,624 tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ Nortel tó wọ gbèsè, ìyẹn dọ́là 11 àti sẹ́ǹtì 25 lórí ẹyọ kan. Ní ọdún 2017, MIT jẹ́wọ́ pé òun kò lo mílíọ̀nù 14 nínú mílíọ̀nù 16 rẹ̀, ó sì ta nǹkan bí ìdajì ọ̀wọ́ náà. Amazon wà lára àwọn tó rà á. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Amazon ti ń gba ìdajì sẹ́ǹtì ní wákàtí kan lórí nọ́ńbà gidi kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà rẹ̀ bá lò, ó sì ń lọ sí bíi dọ́là 44 lọ́dún. Ohun tí wọ́n gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fi háyà fún wa.

Ibi tí owó bá ti wọlé, ajagungbalẹ̀ kò ní pẹ́ dé. Ní ọdún 2019, akọ̀ròyìn Jan Vermeulen ti ìkànnì MyBroadband ní Gúúsù Áfíríkà àti olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, Ron Guilmette, tú àṣírí kan: wọ́n ti yí ìwé AFRINIC padà, wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ nọ́ńbà gbé. Wọn yóò wá iléeṣẹ́ tó ti kógbá wọlé tipẹ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó ń béèrè, wọn yóò yí orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ padà sínú ìwé, wọn yóò wá tà á. Nígbà tí AFRINIC fúnra rẹ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò, iye nọ́ńbà tí ọ̀rọ̀ náà kàn ju mílíọ̀nù 4 lọ. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ lọ́nà Lẹ́kí kò nílò kí n ṣàlàyé síwájú sí i.

Ìjà kejì yàtọ̀, kò sì yẹ ká pa á pọ̀ mọ́ ti olè. Iléeṣẹ́ kan tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Seychelles, Cloud Innovation, ti gba nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù 6 lọ́wọ́ AFRINIC. Ní ọdún 2021, àjọ náà sọ pé òun yóò gbà á padà, nítorí pé wọn kò lò ó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, àti pé òde Áfíríkà ni wọ́n ń lò ó. Iléeṣẹ́ náà sọ pé kò sí ibi tí àdéhùn ti sọ pé Áfíríkà nìkan ni òun gbọ́dọ̀ ti lò ó. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́ Mauritius. Ní oṣù Keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ ti àpò owó AFRINIC ní báńkì pa. Ẹjọ́ bí ẹjọ́, ìgbìmọ̀ kò pé mọ́, ọ̀gá àgbà lọ, ní ọdún 2023 ilé ẹjọ́ yan alábòójútó. Ìdìbò tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 forí ṣánpọ́n, wọ́n fagi lé e. Èyí tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ní tèmi, àwọn ọ̀gbọ́n tó dá AFRINIC sílẹ̀ kò ṣe ìwé àdéhùn wọn bí ẹni tó mọ̀ pé ọjà ń bọ̀. Wọ́n ṣe é bí ẹni tó ń pín nǹkan láàárín ọ̀rẹ́, bí Postel ṣe ń ṣe é. Nígbà tí agbẹjọ́rò dé, ìwé náà kò lè gbé e.

Kí ló kan ẹni tó jókòó sí Abẹ́òkúta tí kò ní ju fóònù kan lọ? Ó kàn án gan-an. Nítorí nọ́ńbà kò tó, àwọn iléeṣẹ́ fóònù ti gbé ọgbọ́n P.M.B. yẹn dé ìpele kejì: kì í ṣe ilé kan ló ń pín nọ́ńbà kan mọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún oníbàárà tí wọn kò mọ ara wọn rí ló ń pín in. Bí ìkànnì kan bá ń sọ fún yín ní gbogbo ìgbà pé kí ẹ tọ́ka sí àwòrán mọ́tò láti fi hàn pé ẹ kì í ṣe ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ aládùúgbò yín lórí nọ́ńbà náà ló ba orúkọ jẹ́. Ìyẹn kéré. Èyí tó ń já mi láyà ni ti ọlọ́pàá. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà wọn fún ọdún méjì, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ bí wọ́n bá béèrè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùwádìí bá mú nọ́ńbà àti ọjọ́ nìkan wá, ẹni tí iléeṣẹ́ lè tọ́ka sí kì í ṣe ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Àfi bó bá mú wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá wá, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ráútà kọ sínú ìwé rẹ̀ fún ẹni náà. Agbẹjọ́rò tó bá ń gbèjà ọmọ tí wọ́n mú nítorí àdírẹ́ẹ̀sì IP gbọ́dọ̀ mọ̀ láti béèrè èyí, adájọ́ náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ti lé ní 30 ọdún tó ti wà nílẹ̀. Iye nọ́ńbà tó wà nínú IPv6, bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, yóò tó òǹkà 39 lórí ìlà kan. Fóònù kọ̀ọ̀kan, gílóòbù kọ̀ọ̀kan, mítà iná kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀ láìpín in pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. AFRINIC ní i ní yanturu, kò sì sí ẹni tó ń jà sí i. Ní India, ju ìdajì àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wà lórí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, kò tíì gbilẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé IPv4 àti IPv6 kò gbọ́ èdè ara wọn. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣí lọ gbọ́dọ̀ máa lo méjèèjì pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó ra ẹ̀rọ, kó kọ́ òṣìṣẹ́, nígbà tí oníbàárà kò ní rí ìyàtọ̀ kankan tí yóò fi san kọ́bọ̀ lé e. Bí P.M.B. bá ṣì ń gbé ìwé dé, ta ni yóò náwó ra àpótí tirẹ̀?

Àwọn tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù Kẹsàn-án bá ẹjọ́ nílẹ̀, wọ́n bá ìwé àdéhùn àtijọ́ nílẹ̀, wọ́n sì bá ìyókù nọ́ńbà tí wọ́n ti ń ṣọ́ pín láti oṣù Kínní ọdún 2020. Lábẹ́ ìlànà ọdún náà, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ dá iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Kútọnu lè béèrè, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù tí wọn yóò fún un lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 1,024. Ford ṣe mọ́tò, ó gba 16,777,216.